Ìmọ́lẹ̀ fíìmù yàtọ̀ sí ti dígítà

Sí Olóòtú,

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ayàwòrán Ìbàdàn: fíìmù nẹ́gátíìfù, èyí tí a máa ń fọ̀ kí a tó tẹ fọ́tò láti ara rẹ̀, lè fara da àpọ̀jù ìmọ́lẹ̀ díẹ̀; òkùnkùn ni kò fẹ́. Òdìkejì ni ti kámẹ́rà dígítà. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú léèsì funfun ìyàwó ní Mápó, tí ìmọ́lẹ̀ sì pọ̀ jù, gbogbo ọnà ara aṣọ náà á parẹ́, kọ̀ǹpútà ò sì lè dá a padà. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀, kí ẹ sì máa ya RAW (fáìlì àwòrán tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe), kì í ṣe JPEG (fáìlì tí kámẹ́rà ti tún ṣe, tó sì ti fún pọ̀) nìkan.

Fíìmù ò gbọdọ̀ sùn nínú mọ́tò tó gbóná. Àwọ̀ rẹ̀ á bàjẹ́. Ti dígítà, eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀: ẹ pa kámẹ́rà, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ lẹ́ńsì. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Itọ́ á ta sí i.

Ayàwòrán kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.