Nọ́ńbà ṣásì ni kí ẹ wò, ẹ yéé ka iye owó yen

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ìgbàkigbà tí olórí ìjọba Íńdíà àti ti Japan bá ti pàdé, mo ti mọ ohun tí àwọn oníròyìn máa gbé síwájú wa lọ́jọ́ kejì: iye owó. Lọ́dún 2014 tí Modi, olórí ìjọba Íńdíà, lọ sí Tokyo, tírílíọ̀nù 3.5 yen, owó ilẹ̀ Japan, láàárín ọdún márùn-ún. Lọ́dún 2022 tí Kishida, olórí ìjọba Japan nígbà yẹn, lọ sí Delhi, tírílíọ̀nù 5. Nígbà tí Modi tún padà sí Tokyo ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, tí òun àti Ishiba tó ń ṣe olórí Japan nígbà náà jọ jókòó, ó di tírílíọ̀nù 10 tí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni Japan máa ná láàárín ọdún mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti ka owó náà tán, gbólóhùn kan ló kù tí wọ́n fi ń dé e: ìbẹ̀rù Ṣáínà ló so wọ́n pọ̀.

N kò sọ pé irọ́ ni. Mẹkáníìkì ni mí, n kì í ṣe aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni èmi sì ti rí i.

Oníbàárà kan gbé Toyota Starlet wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kì í ṣe Starlet ayé àtijọ́ tí gbogbo wa mọ̀, tuntun yìí ni. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní, "Ọ̀gá, ojúlówó Japan lèyí o." Mo ní kó nu ojú ibi tí nọ́ńbà ṣásì wà, kó kà á sókè. Gbogbo ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe ní Japan, J ni nọ́ńbà rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. MB ni tèyí fi bẹ̀rẹ̀. Íńdíà nìyẹn. Suzuki Baleno ni ọkọ̀ náà látilẹ̀, àmì Toyota ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níwájú, wọ́n sì ti ń tà á nílẹ̀ Áfíríkà láti ọdún 2020. Iléeṣẹ́ Japan méjì, ọwọ́ àwọn ará Íńdíà, títì tiwa. Ọmọ náà ní òun rò pé Íńdíà ò mọ̀ ju fíìmù àti oògùn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Lọ́dún 1971 ni Sanjay Gandhi, ọmọ Indira Gandhi tó jẹ́ olórí ìjọba Íńdíà nígbà náà, dá iléeṣẹ́ Maruti sílẹ̀, pé òun máa ṣe ọkọ̀ tí apá mẹ̀kúnnù máa ká. Ọkọ̀ ò jáde. Ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú lọ́dún 1980, ìjọba sì gba iléeṣẹ́ náà sọ́wọ́ lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa bá wọn dòwò pọ̀. Ẹni tó gbà ni Suzuki, tí kò sí láàárín àwọn ọ̀gá níbi iṣẹ́ ọkọ̀ ní Japan nígbà yẹn. Lọ́dún 1982 wọ́n tọwọ́ bọ̀wé: ìjọba Íńdíà mú ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún, Suzuki mú 26. Ní oṣù kejìlá ọdún 1983, Maruti 800 àkọ́kọ́ jáde ní Gurgaon.

Kì í ṣe pé Suzuki kó ọkọ̀ wá tà. Àdéhùn tí Íńdíà fà mọ́ra ni pé àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa di èyí tí wọ́n ń ṣe nílé díẹ̀díẹ̀, títí tí èyí tí wọ́n ń kó wá láti Japan á fi kéré. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Japan lọ kọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ń wọ aṣọ iṣẹ́ kan náà, wọ́n ń jẹun ní yàrá oúnjẹ kan náà. Fún ilẹ̀ tí ẹ̀yà tí wọ́n bí èèyàn sí máa ń sọ ibi tó máa jókòó, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe ìjókòó, ráìdétọ̀ àti bíréèkì yí iléeṣẹ́ náà ká bí ọmọ ṣe ń yí ìyá ká. Ìjọba ta ìpín rẹ̀ diẹ̀díẹ̀ títí ó fi jáde pátápátá lọ́dún 2007. Lónìí, nínú ọkọ̀ tuntun mẹ́wàá tí wọ́n bá tà ní Íńdíà, nǹkan bíi mẹ́rin ló jẹ́ Maruti Suzuki. Lọ́dún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó Suzuki Fronx tí wọ́n ṣe ní Íńdíà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Japan fún títà. Ọmọ iṣẹ́ ti ń tajà fún ọ̀gá.

Ara mi máa ń bù máṣọ tí mo bá rántí pé lọ́dún 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó, tí Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. A fi ọdún mẹ́jọ ṣáájú Maruti. Kítì tí wọ́n dì wá láti òkè òkun ni a ń tú, tí a ń tò. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀, kì í ṣe torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé.

Kì í sì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn. Lọ́dún 2012, ìjà òṣìṣẹ́ bẹ́ sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ Maruti tó wà ní Manesar, wọ́n dáná sunlé, ẹ̀mí ọ̀gá kan sì bá a lọ. Aṣọ kan náà tí wọ́n jọ ń wọ̀ ò ní kí owó oṣù wọn dọ́gba.

Àwọn tó ní Ṣáínà ló so wọ́n pọ̀, ṣé wọ́n mọ̀ pé erin ti ṣáájú? Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lọ́dún 1943, wọ́n pa àwọn erin tó wà ní ọgbà ẹranko Ueno ní Tokyo. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọdé Japan kọ lẹ́tà sí Nehru, olórí ìjọba Íńdíà nígbà náà, pé kó fún àwọn ní erin. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ lọ́dún 1949, ó sì fi orúkọ ọmọ rẹ̀, Indira, pè é. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pé jọ sí San Francisco lọ́dún 1951 láti bá Japan ṣe àdéhùn àlàáfíà, Íńdíà ò lọ. Ó bá Japan ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́dún 1952, ó sì ní òun ò gba owó ìtanràn ogun kankan. Lọ́dún 1958, nígbà tí Japan kọ́kọ́ máa yá orílẹ̀-èdè mìíràn lówó yen, Íńdíà ni orílẹ̀-èdè náà. Ta ló ń bẹ̀rù Ṣáínà nígbà yẹn?

Ìgbà tí nǹkan le náà wà. Lọ́dún 1991 tí owó ilẹ̀ òkèèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lápò Íńdíà, wọ́n kó wúrà bíi tọ́ọ̀nù 47 lọ dógò lọ́dọ̀ báńkì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Japan. Lọ́dún 1998 tí Íńdíà dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní Pokhran, Japan bínú, ó sì dá ẹ̀yáwó tuntun dúró títí di ọdún 2001. Ẹni tí Hiroshima àti Nagasaki ṣẹlẹ̀ sí kò lè rẹ́rìn-ín sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú Delhi tí wọ́n ti fi ẹ̀yáwó Japan bẹ̀rẹ̀ kò kú. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2002, lábẹ́ ọ̀gá ẹnjiníà wọn, E. Sreedharan. Àwọn ará Japan tó wá bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló mú kí akoto àti bàtà iṣẹ́ di dandan fún lébìrà.

Ti Ṣáínà, mo gbà. Lọ́dún 2010 tí Ṣáínà àti Japan ń jà lórí erékùṣù Senkaku, Japan rí bí ọwọ́ ṣe ń ro ẹni tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì kan fún un. Lọ́dún 2020, ọmọ ogun Íńdíà 20 kú nígbà tí wọ́n bá ọmọ ogun Ṣáínà jà ní àfonífojì Galwan lẹ́nu ààlà. Wọ́n wá ń bá Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà pé jọ, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn sì ń jọ dánra wò nínú ìdánrawò tí wọ́n ń pè ní Malabar. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìbẹ̀rù yìí nìkan ni, kí ló dé tí Íńdíà kúrò nínú RCEP, àdéhùn òwò àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà àti Pàsífíìkì, lọ́dún 2019, tí Japan sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú Ṣáínà? Kí ló dé tí Íńdíà ń ra epo Rọ́ṣíà nígbà tí Japan ń fìyà jẹ Rọ́ṣíà? Olúkúlùkù ló ní ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ibi tí mo ti ń fura ni ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá láti Mumbai dé Ahmedabad, kìlómítà 508. Abe, olórí ìjọba Japan nígbà náà, àti Modi jọ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Ẹ̀yáwó rẹ̀ dà bí àlá: ẹni tó bá yá ẹgbẹ̀rún náírà, èlé náírà kan péré lọ́dún, kó sì máa fi àádọ́ta ọdún san án. Wọ́n ní ọkọ̀ á ti máa rìn lọ́dún 2022 tàbí 2023. Kò rìn. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn onílẹ̀ àtayébáyé ní Palghar ní Maharashtra ò fẹ́ yọ̀ǹda ilẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì fà sẹ́yìn. Èlé tó kéré kì í bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Íńdíà gbé iṣẹ́ fún BEML, iléeṣẹ́ tirẹ̀, pé kó ṣe ọkọ̀ ojú irin méjì tó lè sá kìlómítà 280 ní wákàtí kan. Àwọn kan ní Japan á bínú. Èmi rò pé Maruti tún ni: akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ di irinṣẹ́ mú fúnra rẹ̀.

Òwò nìkan ni n ò lè yìn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni àdéhùn òwò wọn ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí Íńdíà sì ń rà lọ́wọ́ Japan ṣì ju ìlọ́po méjì ohun tó ń tà fún un lọ. Bóyá ènìyàn ló máa dí àlàfo náà. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn ará Japan ló ti lé ní ọdún 65. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ní ìpàdé 2025 yẹn, wọ́n ní kí àwọn 500,000 máa lọ máa bọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì láàárín ọdún márùn-ún, 50,000 nínú wọn sì jẹ́ àwọn tó mọṣẹ́ láti Íńdíà tó máa lọ sí Japan. Tírílíọ̀nù 10 ni gbogbo ènìyàn kà. Ta ló ka 50,000 yẹn?

Ẹ bá mi sọ fún àwọn akọ̀ròyìn yín, kí wọ́n bi Íńdíà léèrè nígbà tí àwọn olórí méjèèjì bá tún pàdé: èwo lẹ ti ń ṣe nílé báyìí tí ẹ ń rà lọ́wọ́ Japan tẹ́lẹ̀?

Starlet yẹn ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Páàtì kan ni mò ń dúró dè, wọ́n ní ó ti kúrò ní Íńdíà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹkáníìkì àgbà kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn