Báàjì tó ń pàwọ̀ dà dáa, oòrùn ńkọ́?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lórí èròjà tó ń pàwọ̀ dà tí X-ray bá ti bà á, tí wọ́n fẹ́ fi ṣe báàjì, inú mi dùn gan-an torí àbúrò mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní yàrá X-ray níbì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ó máa ń so báàjì kan mọ́ àyà, wọ́n á wá kó o lọ fún àyẹ̀wò, ó lè tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó sọ iye X-ray tó gbà sára fún un, nígbà míì èsì ò tiẹ̀ ní dé. Tó bá ti gbà á lágbàjù lóṣù kìíní, kí ló fẹ́ fi èsì oṣù kẹta ṣe? Wọ́n ní òṣìṣẹ́ bíi tiẹ̀ ò gbọdọ̀ gbà ju 20 millisievert (òṣùwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara) lọ́dún tí wọ́n bá pín in sí ọdún márùn-ún, ti àwa ará ìta ò ju 1 lọ, àmọ́ nǹkan ọ̀hún ojú ò rí i, imú ò gbóòórùn ẹ̀.

Bí èròjà yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ló wù mí. Irin tó wúwo, bí òjé tàbí bismuth, ló ń gbá X-ray mú, ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù, ìyẹn ohun tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, á fò jáde, kẹ́míkà kejì tí wọ́n so mọ́ irin náà, tí wọ́n ń pè ní viologen, á gbà á, ló bá di búlúù tàbí pọ́pù. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, paraquat táwọn àgbẹ̀ wa fi ń pa koríko tẹ́lẹ̀, ọmọ ìyá viologen ni!

Ibi tó ti wá ta kókó nìyí. Aṣọ tó ń jáde látinú ìkòkò aró, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù, àwọn aláró mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ti viologen, atẹ́gùn ló ń gba búlúù ọ̀hún lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè á ṣì hàn lọ́jọ́ Fúráìdè? Oòrùn lásán náà sì ń pa púpọ̀ nínú wọn láwọ̀ dà. Àbúrò mi tó ń gun ọ̀kadà gba Òkè-Ajé lọ síbi iṣẹ́, báàjì á ti di búlúù kó tó débẹ̀, ẹ̀rù á wá máa bà á lásán, tó bá yá kò ní ka búlúù sí mọ́.

Ẹ bá wa sọ fáwọn tó ń ṣe é, kí wọ́n tó kó o wá tà fún wa, kí wọ́n sá a sórí páànù ilé wa fún ọ̀sẹ̀ kan lóṣù kejì, ká wò ó bóyá àwọ̀ ẹ̀ á ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹ̀gbọ́n oní-X-ray,
Ìjẹ̀bú-Òde