Overdrive kì í ṣe distortion

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọmọ wa kan tẹ DS-1, ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ aláwọ̀ ọsàn tí ilé-iṣẹ́ Boss gbé jáde ní 1978 fún distortion (ohùn gìtá tó há gan-an), mọ́ orin ìyìn. Gbogbo kọ́ọ̀dù lọ́ mọ́ra, a ò gbọ́ gángan mọ́! Mo yọ ọ́, mo fi Tube Screamer, ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ míì, sí i, mo ṣí gain rẹ̀ (bọ́tìnì tó ń pinnu bí ohùn ṣe máa há tó) díẹ̀ péré. Overdrive nìyẹn: bí ẹ bá rọra ta okùn, ohùn á mọ́, bí ẹ bá ta á kíkan, á há bí ọ̀fun akọrin tó kọrin mọ́jú. Distortion dára fún rọ́ọ̀kì líle. Níbi tí ìlù bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀.

Èmi ni,
Onígìtá kan, Ìbàdàn