Lẹ́tà sí Wálé: Joshua àti Usyk ní Jeddah

Ṣàgámù,
16 Oṣù Kẹjọ, 2022.

Wálé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé ní Houston? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Alááfíà la wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

O ní kí n sọ ẹni tí yóò borí lọ́jọ́ Sátidé nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ Anthony Joshua àti Oleksandr Usyk ní Jeddah, kí n má sì fi ti ọmọ ìlú ṣe é. Ó dáa. Usyk ni yóò gbé e, máàkì àwọn adájọ́ ni yóò sì fi gbé e. Mi ò rò pé ẹnì kankan máa sùn sílẹ̀. Ó dùn mí láti Ṣàgámù níbí pé èmi ni mò ń kọ ọ́, torí ọmọ wa ni Anthony, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ kí ìgbànú WBA, IBF àti WBO, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé, padà sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ korò. Ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ni mò ń wò, ohun tí ẹsẹ̀ wọn sì ń sọ nìyẹn.

Joshua a máa fi ẹsẹ̀ òsì ṣíwájú, ọwọ́ ọ̀tún tí agbára rẹ̀ wà á sì wà lẹ́yìn. Ọlọ́wọ́ òsì ni Usyk, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni tirẹ̀ ń ṣíwájú. Tí wọ́n bá kọjú síra, ẹsẹ̀ iwájú wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gun ara wọn. Ẹni tí ẹsẹ̀ iwájú tirẹ̀ bá bọ́ sí ìta ti ẹnì kejì ló ni ọ̀nà. Bí Usyk bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sí ìta ẹsẹ̀ òsì Joshua, ọwọ́ òsì rẹ̀ á dojú kọ àgbọ̀n Joshua gbọnrangandan, nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún Joshua á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí yóò gbà yọ. Ìgbésẹ̀ kékeré ni, kò ju ìnṣì mélòó kan lọ, àmọ́ ibẹ̀ ni gbogbo ìjà náà wà.

Tún ìjà àkọ́kọ́ wò kó tó di Sátidé, ti 25 Oṣù Kẹsàn-án 2021 ní pápá ìṣeré Tottenham. Pa ohùn rẹ̀, kí o sì fi ráúndù mẹ́ta àkọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ nìkan. Usyk á na ọwọ́ iwájú láti fi dí Joshua lójú, á yẹ̀ sí ọ̀tún ara rẹ̀, tí í ṣe òsì Joshua, á fi òsì kàn án, yóò sì ti kúrò níbẹ̀ kí Joshua tó tún ẹsẹ̀ tò. Joshua ní tirẹ̀ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó fẹ́ bá ọlọ́gbọ́n ta ọgbọ́n. Kílò 109 ni Joshua lọ́jọ́ náà, Usyk jẹ́ nǹkan bí 100. Joshua fi ìnṣì 3 ga jù ú, ọwọ́ rẹ̀ sì fi ìnṣì 4 gùn ju tirẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo àǹfààní yẹn, Joshua kò fi ọ̀kankan ni Usyk lára títí agogo ìkẹyìn fi lù. Nígbà tí yóò fi di ráúndù kejìlá, ojú ọ̀tún Joshua ti wú, Usyk sì ká a mọ́ ara okùn tó ń rọ̀jò ẹ̀ṣẹ́ lé e lórí.

Síbẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé Joshua kò jà rárá. Wo ìwé àwọn adájọ́: 117 sí 112, 116 sí 112, 115 sí 113. Ẹni tó bá borí nínú ráúndù kan gba 10, ẹnì kejì gba 9. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 19. Tí kò bá sí ẹni tó ṣubú, ráúndù 12 á fún wa ní 228. Adájọ́ tó kọ 115 sí 113 fún Joshua ní ráúndù 5, èyí tó kọ 116 sí 112 fún un ní 4. Ẹni tó kọ 117 sí 112 ní 229, ìyẹn ni pé ó ka ráúndù kan sí ọgbọọgba. Nítorí náà, bí Joshua bá lè gba ráúndù méjì péré kún 5 tí adájọ́ kan ti fún un tẹ́lẹ̀, ìwé adájọ́ yẹn ti yí padà nìyẹn. Ìdí rèé tí mi ò fi sọ pé ìjà náà ti parí.

Àwọn kan ń fi ti Andy Ruiz dá ara wọn lọ́kàn le: ó na Joshua ní New York ní Oṣù Kẹfà 2019, Joshua sì gbẹ̀san ní Diriyah ní Oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí Joshua ṣe sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ láti kílò 112 sí 108 nígbà yẹn, Ruiz ń gòkè ní tirẹ̀, láti 122 sí nǹkan bí 129. Ruiz kúrú, ó wúwo, kò sì lè lé e bá. Joshua kàn ń gún un láti òkèèrè ni. Ta ló rí Usyk kó sanra wá sí ibi ìjà? Ẹni tó gba gbogbo ìgbànú ìsọ̀rí cruiserweight, tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré sí ti heavyweight, ní Moscow ní 2018, tó jẹ́ pé ìlú onílùú ló ti ń jà jù, tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìdáàbòbò Kyiv lọ́dún yìí láti wá múra ìjà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dẹra nù.

Ọ̀nà tí Joshua lè gbà borí ò pọ̀, àmọ́ ó wà. Kó gbàgbé orí Usyk fún ráúndù mẹ́rin àkọ́kọ́, kó doríkọ ara. Ẹ̀dọ̀ èèyàn wà lápá ọ̀tún, apá ọ̀tún yẹn gan-an sì ni Usyk ń tì síwájú. Ọwọ́ òsì Joshua tó bá yípo wọlé sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ á bá a níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tààrà sí àyà náà dára, torí àyà kì í yára yẹ̀ bí orí. Ìkejì, kó má tẹ̀ lé Usyk káàkiri ríǹgì. Kó gbé ẹsẹ̀ òsì sí òsì, kó dí ọ̀nà tí Usyk ń gbà jáde, kó sì jẹ́ kí ọwọ́ òsì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Tí wọ́n bá so mọ́ra, kó gbé gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ lé e lọ́rùn kí rẹfirí tó yà wọ́n.

Kí ló wá ń bà mí lẹ́rù? Afẹ́fẹ́ inú. Ẹran ara tó pọ̀ báyẹn ń jẹ èémí. Ẹni tó bá fi agbára bẹ̀rẹ̀, tí kò sì rí i parí kí ó tó di ráúndù kẹjọ, á máa mí gulegule láti kẹsàn-án lọ, ìgbà yẹn sì ni Usyk ń ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná. Robert Garcia tó gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ Rob McCracken mọ ìjà títẹ̀ síwájú dáadáa, mo sì nígbẹkẹ̀lé nínú rẹ̀. Àmọ́ oṣù díẹ̀ kò tó láti pa àṣà ọdún mẹ́wàá rẹ́. Tí ẹ̀ṣẹ́ bá dé imú, ohun tó ti mọ́ ara lára ni ara máa ń ṣe.

Máa wo ìwọ̀n wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Bí Joshua bá wọn kílò 111 sí 113, ó ti pinnu láti fi agbára jà. Bó bá jẹ́ 109 tàbí kó dín, eré Tottenham ló fẹ́ tún ṣe, ẹ̀rù á sì bà mí gan-an. Tó bá tún wá di ráúndù kejì tí kò tíì kan ẹ̀ṣẹ́ gidi mẹ́ta sí ara, má retí ohun mìíràn.

Ní ti owó tẹ́tẹ́ tí o béèrè, Usyk ni àwọn onítẹ́tẹ́ náà ń tì lẹ́yìn, nítorí náà èrè orí rẹ̀ lásán kò tó nǹkan. Bí o bá fẹ́ fi nǹkan sí i dandan, fi sí pé Usyk á borí pẹ̀lú máàkì, kó sì jẹ́ owó tí kò ní dun ìyàwó rẹ. Iye tí mo kọ ni 116 sí 112 lọ́wọ́ adájọ́ kan, 115 sí 113 lọ́wọ́ òmíràn, kí ẹ̀kẹta sì fún Joshua kò ní yà mí lẹ́nu.

Jeddah fi wákàtí 8 ṣíwájú yín, nítorí náà ojúmọmọ ni tiyín á jẹ́. Mú bírò àti bébà, kọ máàkì tìrẹ sílẹ̀ ní ìsinmi ìṣẹ́jú kan tó tẹ̀ lé ráúndù kọ̀ọ̀kan, má dúró de ohun tí àwọn asọ̀ròyìn máa wí. Ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó ka ti àwọn adájọ́, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Èmi náà á fi tèmi ránṣẹ́.

Bá mi kí ìyàwó, kí o sì fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Múyìwá