Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dá ọmọ onírun yẹ́lò yẹn padà sínú tíìmù

Houston, Texas

Bọ̀ọ̀dá mi,

Àsàlámù àléékúmù. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ àdúgbò. Ìyàwó yín ńkọ́, Màámi ńkọ́, gbogbo ilé ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, àlùhámúdùlíláì, àwọn ọmọ ti padà síléèwé, ooru Houston ṣì ń bá wa fà á, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣì ń ṣe ní ọsibítù, ìyẹn ló fà á tí mi ò fi tètè dá yín lóhùn lórí vóìsì nóòtì tí ẹ fi sórí WhatsApp ẹbí. Mo gbọ́ ọ tán, mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò fẹ́ dá yín lóhùn níbẹ̀ torí àbúrò ni mí, kò dáa kí n máa bá yín fa ọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọmọ, ni mo ṣe ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́.

Ẹ ní ẹ ti lé ọmọ gíga yẹn kúrò nínú tíìmù básíkẹ́tì àdúgbò torí ó dáì irun ẹ̀ sí yẹ́lò, ó lu etí, wọ́n sì máa ń rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ lálẹ́. Òun ló ń gba ribáǹdì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí kò wọ àgbọ̀n, jù nínú gbogbo wọn o, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ ò lè fi irú ẹ̀ ṣojú àdúgbò. Ẹ wá ní kí àwọn tó kù máa wo Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ọmọ Mùsùlùmí, ẹni tó ń gbààwẹ̀ tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù, pé ìwà ẹ̀ ló gbé e dé ibi tó dé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ibẹ̀ gan-an ni mi ò ti lè gbà fún yín.

Ìlú tí Hakeem ti gbá bọ́ọ̀lù ni mo ń gbé. Kò sẹ́ni tó máa sọ níbí pé èèyàn burúkú ni. Bàtà tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ tà, ó fẹ́ kó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú kí ọmọ tálákà lè rí i rà, nígbà tí tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wọ́n gọbọi, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí ìyẹn. Àmọ́ bàtà yẹn kọ́ ló fò sókè lọ gbá bọ́ọ̀lù dànù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ jù ú sínú àgbọ̀n. Bọ́ọ̀lù 3,830 ló gbá dànù bẹ́ẹ̀ ní NBA, líìgì básíkẹ́tì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí wọ́n ti ń kà á kò tíì sẹ́ni tó tó o. Ọ̀rọ̀ àwẹ̀ náà, òótọ́ ni, oṣù kejì 1995 tí Ramadan bọ́ sí, ó gbààwẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lóṣù náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó fún un, kí ló kàn wọ́n nínú sààrì? Póìǹtì tó jẹ ni wọ́n kà.

Ọdún yẹn kan náà ni kí ẹ tún wò. Houston kan San Antonio kí wọ́n tó dé àṣekágbá, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ eré mẹ́rin ló máa lọ. Ọ̀gá nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù San Antonio ni David Robinson, ẹni jẹ́jẹ́, ọmọ iléeṣẹ́ ológun ojú omi tẹ́lẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì tó mú ẹ̀sìn ẹ̀ ní ọ̀kúnkúndùn, irú ẹni tí bàbá èèyàn máa fẹ́ fi ṣe àna. Òun ni wọ́n fún ní MVP, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lọ́dún náà, kí eré kejì tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé ife náà lé e lọ́wọ́, ojú Hakeem báyìí ni. Hakeem wò ó, kò sọ̀rọ̀, ó jẹ póìǹtì 41 lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nínú gbogbo eré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí ẹ bá pín in, póìǹtì 35 lé díẹ̀ ló ń jẹ nínú eré kan, Houston sì fi 4-2 lé wọn lọ sílé. Èèyàn rere méjì ló kojú ara wọn yẹn o. Tó bá jẹ́ ìwà la fẹ́ fi mọ èwo ló dáa jù, a ò bá ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ẹnì kẹta wà nínú eré yẹn tí ẹ máa ń fi èébú bò tẹ́ ẹ bá ti rí fọ́tò ẹ̀. Dennis Rodman. San Antonio ló wà nígbà yẹn, irun ẹ̀ pupa lónìí, ó di àwọ̀ ewé lọ́la, ó máa ń pẹ́ dé, ó máa ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí kọ́ọ̀ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo gbà, ìyẹn ò dáa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ sú San Antonio, bí ọdún yẹn ṣe ń parí lọ wọ́n fi í pààrọ̀ Will Perdue ti Chicago, ẹni jẹ́jẹ́ kan tí mo mọ̀ dájú pé ẹ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: Chicago jẹ eré 72, 10 péré ló bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n gba ife, wọ́n tún gbà á ní 1997, wọ́n tún gbà á ní 1998. Nínú àṣekágbá 1996 pẹ̀lú Seattle, ẹ̀ẹ̀mejì ni Rodman gba ribáǹdì 11 nínú eré kan lára bọ́ọ̀lù tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ jù tí kò wọlé, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló dá bọ́ọ̀lù padà fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti pàdánù ẹ̀. Kọ́ọ̀ṣì wo ló máa ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó má sùn dáadáa?

Wọ́n á ní oríire ni. Oríire kọ́ o. Ọdún méje léraléra, 1992 sí 1998, òun ló ṣe ipò kìíní nínú ribáǹdì ní gbogbo NBA, bẹ́ẹ̀ ó kéré sí ọ̀pọ̀ àwọn òmìrán tó ń bá du bọ́ọ̀lù náà. Ṣe ló máa ń dúró wo àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n bá ń ju bọ́ọ̀lù ní trénìn, ó ń wo bí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí lójú afẹ́fẹ́, kó lè mọ ibi tó máa já sí tí kò bá wọlé. Iṣẹ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń rí i torí irun ni gbogbo èèyàn ń wò. Ní 1998, àárín àṣekágbá gan-an, ó sá kúrò ní trénìn lọ síbi ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n nítòsí Detroit, gbogbo ayé bú u, nígbà tí eré dé ó gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀, ó ju fúríìtúróò, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá ṣe fáwùlù sí, wọlé nígbà tí eré ti fẹ́ parí, Chicago jẹ ẹ́ 86-82.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kan Hakeem yín. Ní 1992, iṣan ẹ̀yìn itan ń dùn ún, ó ní òun ò lè gbá, àwọn aláṣẹ Rockets, tíìmù Houston tó ń gbá fún, ní irọ́ ni, pé kò sí nǹkan tó ṣe é, wọ́n dá a dúró láìsan owó. Ọ̀rọ̀ di ariwo níbí, ó ní kí wọ́n tà á sí ibòmíì. Tí ẹ bá wà ní Houston nígbà yẹn ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ìwà: onímọtara-ẹni-nìkan, ọ̀lẹ, ẹni tí owó ń pa kiri. Wọn ò tà á ṣá. Ní 1994 ẹni tí wọ́n pè lọ́lẹ yẹn gba MVP, ó gba ẹ̀bùn ẹni tó mọ ààbò ṣe jù, ó gba MVP àṣekágbá, ọdún kan ṣoṣo ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bọ́ọ̀lù tí John Starks ti New York jù kí eré kẹfà àṣekágbá tó tán, ìka ẹ̀ ló kàn án, Houston fi 86-84 bọ́. Ká ní wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa ìwà ẹ̀ lé e lọ ní 1992, ife wo ni wọn ì bá gbé? Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbẹ́kẹ̀ lé ìdájọ́ ìwà láti ẹnu àwọn tó jókòó síbi tó jìnnà, wọ́n máa ń ṣe é ní ìbámu pẹ̀lú bí inú ṣe ń bí wọn.

Mi ò sọ pé ohun tí agbábọ́ọ̀lù bá ṣe níta ò já mọ́ nǹkan o. Ẹni tó bá na ìyàwó ẹ̀, ọlọ́pàá àti adájọ́ ló ni ìyẹn, kí wọ́n tì í mọ́lé tó bá tọ́, èmi náà ò ní ra jẹ́síì ẹ̀ fún ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ẹ̀ parọ́ pé kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ohun tí mo máa ń kà sí agbábọ́ọ̀lù lọ́rùn ni èyí tí ìwà ẹ̀ bá gbà lọ́wọ́ tíìmù. Ja Morant, agbábọ́ọ̀lù Memphis, tó gbé ìbọn sójú fídíò lẹ́ẹ̀mejì ní 2023, ti àkọ́kọ́ wọ́n fi eré 8 dá a dúró, ẹlẹ́ẹ̀kejì 25. Memphis gbá eré 25 yẹn láìsí i, 6 ni wọ́n jẹ, 19 ni wọ́n pàdánù. Ọjọ́ tó padà dé ó jẹ póìǹtì 34, òun ló sì ju èyí tí wọ́n fi lu New Orleans wọlé bí aago ṣe ń dún. Nítorí náà ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù ni, ọ̀pọ̀ nínú eré 19 yẹn náà sì wà lọ́rùn ẹ̀, mo kọ méjèèjì sílẹ̀ fún un. Rodman náà, ó ta kámẹ́ráamáànù kan nípàá ní 1997, eré 11 ló fi jókòó, mo yọ 11 yẹn kúrò nínú tiẹ̀. Irun ni mi ò yọ nǹkan kan fún.

Ẹ má wulẹ̀ fi Allen Iverson dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé ó ń pa trénìn jẹ, ó tilẹ̀ bínú sí àwọn oníròyìn torí ẹ̀ ní 2002. Ọkùnrin yẹn kúrú láàárín wọn, ó gba MVP 2001, ó fa Philadelphia dé àṣekágbá. Ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yín kí ó pa trénìn jẹ. Ní 2005 NBA tún ní kí gbogbo wọn máa wọ aṣọ tó bójú mu wá síbi eré, wọ́n wọ̀ ọ́, bọ́ọ̀lù tí kò wọlé tẹ́lẹ̀ kò torí ẹ̀ wọlé.

Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ rántí mẹkáníìkì Bàbá wa ní Òkè-Àdó? Ìyàwó mẹ́ta, ìjà lójoojúmọ́, gbogbo ọjà ló jẹ ní gbèsè. Bàbá ò gbé mọ́tò ẹ̀ fún ẹlòmíì títí wọ́n fi jáde láyé, torí tí ọkùnrin yẹn bá tú ẹ́ńjìnnì, ó mọ bó ṣe máa dè é padà. Wọn ò sì fi ìkankan nínú àwa ọmọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ o, ìyẹn náà wà níbẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nípa ọmọ yẹn ò pọ̀. Ṣé ó máa ń wá sí trénìn? Ṣé ó ń dé lásìkò? Tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, ṣé òun ló ń mú un? Ṣé ó ń gbé e fún ọmọ tó dúró síbi tó dáa àbí ó ń dá a gbá? Tí ẹ bá ní kì í wá, ẹ lé e, mi ò ní sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ pé kì í wá. Irun lẹ sọ. Ti tẹ́tẹ́ yẹn, ẹ pè é ségbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bíi bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ti bá èmi náà ṣe é rí nígbà tí mò ń sá kúrò níléèwé. Ẹ tiẹ̀ rò ó wò, ọmọ tẹ́ ẹ lé kúrò ní pápá nírọ̀lẹ́, ibo lẹ rò pé ó máa lọ lálẹ́?

Àpótí tí mo ń kó lọ́wọ́ máa kúrò níbí ní ìparí oṣù. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin wà níbẹ̀, àwọ̀n àgbọ̀n méjì, pọ́ńpù, àti bàtà díẹ̀ tí mo rà ní séèlì, ẹ fi sáìsì ẹsẹ̀ gbogbo àwọn ọmọ tíìmù ránṣẹ́ kí n tó tì í, gbogbo wọn ni mo sọ o. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi wà nínú báàgì dúdú kékeré, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní àsàlátù, dókítà wọn ló ní kí wọ́n máa lò ó. Ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ, ẹ sì pè mí lọ́jọ́ Sátidé, n kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ lè bú mi dáadáa.

Èmi ni,
Àbúrò yín ní Houston