Àjọkẹ́, má tíì ra sọ́fítíwíà yẹn

Àjọkẹ́ mi,

Mo ti ka ọ̀rọ̀ tó o fi ránṣẹ́. Ó dáa bí dókítà ṣe sọ pé carpal tunnel ni, ìyẹn iṣan ìmọ̀lára tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá tí nǹkan ń fún mọ́, a kúkú ti mọ ohun tí à ń bá jà. Ohun tí wọ́n ní kó o máa fi di ọrùn ọwọ́ sùn lálẹ́ yẹn, jọ̀ọ́ máa fi sùn, má wí pé ooru ń mú ẹ o. Àmọ́ sọ́fítíwíà tó ń bá èèyàn kọ ohun tó bá sọ, tí wọ́n ń tì ẹ́ ní ọ́fíìsì pé kó o rà, má tíì sanwó kankan. Èmi tí mo ti ń bá àwọn ọmọ Yunifásítì tẹ project l'Agbowó láti ayé táípúráítà, mo mọ̀ pé títẹ̀ kọ́ ló ń jẹ ọwọ́ jù, àtúnṣe ni.

Kọ́kọ́ bi ara ẹ ná, ṣé títẹ̀ nìkan ló ń dùn ẹ́ àbí máòsì náà? Torí oríṣi méjì ni wọ́n. Ọ̀kan á kàn máa kọ ohun tó o bá sọ, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkejì á bá ẹ lo gbogbo kọ̀ǹpútà, á ṣí fáìlì, á tẹ bọ́tìnnì, á sún ojú ìwé sókè sódò. Windows 11 tó wà lórí láptọ́ọ̀pù ẹ ti ní méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́. Tó o bá tẹ bọ́tìnnì Windows àti H pa pọ̀, máìkì á yọ, o máa sọ̀rọ̀, á sì máa kọ ọ́, ṣùgbọ́n dátà gbọ́dọ̀ wà. Ìkejì ń jẹ́ Voice Access, wá a ní Settings lábẹ́ Accessibility, tó o bá ti download èdè ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ní kó "show numbers", wàá rí i tó máa lẹ nọ́ńbà mọ́ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà yẹn lo máa pè, ọwọ́ ẹ á wà lórí itan jẹ́jẹ́.

Google Docs náà ní tiẹ̀, nínú Chrome, lábẹ́ Tools, Voice typing ni wọ́n pè é. English ti Nàìjíríà wà nínú èyí tó o lè yàn níbẹ̀, òun ni kó o mú.

Ọ̀rọ̀ accent yìí, má jẹ́ kó tì ẹ́ lójú rárá. Ní 2020 àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Stanford dán irú sọ́fítíwíà yìí ti Amazon, Apple, Google, IBM àti Microsoft wò, nínú ọ̀rọ̀ 100 tí aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sọ, bíi 35 ni wọ́n gbọ́ sódì, ti aláwọ̀ funfun jẹ́ bíi 19. Ọmọ onílẹ̀ nìyẹn o, tí wọ́n fi èdè náà bí! Torí náà má fi ohùn òyìnbó dán an wò, o ò lè fi ohùn yẹn ṣiṣẹ́ láàárọ̀ dalẹ́. Ohùn tó o fi ń bá mi jiyàn ni kó o fi dán an wò.

Bó o ṣe máa ṣe é rèé. Mú ìròyìn ìnṣọ́ránsì kan tó o ti kọ tẹ́lẹ̀, kà á sí i, kà á nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún, tún kà á nírọ̀lẹ́ tó ti rẹ̀ ẹ́. Má kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, odindi gbólóhùn ni kó o máa sọ, torí ọ̀rọ̀ tó yí ọ̀rọ̀ ká ló fi ń mọ èyí tó o pè. Wo iye tó ṣì. Lẹ́yìn náà tún gbogbo ẹ̀ ṣe láì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà! Ká ní mẹ́wàá ló ṣì nínú 100, tó bá jẹ́ pé o máa fi máòsì wá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́kọ̀ọ̀kan, pa á rẹ́, tún un tẹ̀, ọwọ́ tí à ń tọ́jú náà la tún padà lò yẹn. Nínú Voice Access, "scratch that" á pa ohun tó o sọ gbẹ̀yìn rẹ́, "correct that" á sì kó ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́ jáde pẹ̀lú nọ́ńbà. Èyí tí ò bá ní irú ẹ̀, bó ti wù kó gbọ́ ohùn ẹ tó, fi sílẹ̀.

Orúkọ àwọn kọ́sítọ́mà ló máa fojú ẹ rí nǹkan sha. Pe Ògúndípẹ̀ sí i, wàá rẹ́rìn-ín. Má bá a jà, máa pe "client one" níbi tí orúkọ bá wà, tó o bá parí kó o fi Replace pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kó o sì bi àwọn IT yín ná bóyá wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́mà máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ mìíràn, torí ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe nìyẹn.

Dragon, sọ́fítíwíà tí wọ́n ń polówó fún ẹ ní ọ́fíìsì yẹn, kì í ṣe nǹkan burúkú, ó ti wà láti 1997, Microsoft ló ra ilé-iṣẹ́ tó ni ín ní 2022. O lè kọ́ ọ ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ, o sì lè ní tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan kó kọ odindi paragraph sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bíi 700 dọ́là ni Professional ẹ̀, ṣírò ìyẹn sí náírà. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì ló fẹ́ san án, kí wọ́n san án jàre. Tìẹ, headset oníwáyà ni kó o kọ́kọ́ fowó rà, kí máìkì ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, má jẹ́ kó wà lọ́gangan ibi tó o ti ń mí. Máa mu omi o, kí ọ̀nà ọ̀fun má lọ gba àìsàn lọ́wọ́ ọwọ́.

Tó o bá ti dán an wò, sọ iye tó ṣì àti iye tó o rí tún ṣe láì fọwọ́ kàn án fún mi, ká wá mọ̀ bóyá ó yẹ ká ra nǹkan kan. Voice note ni kó o fi ṣe é o, má tẹ̀ ẹ́. Màmá ẹ ní kí n kí ẹ.

Bàbá ẹ