Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Kí A Tó Gbọ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Láti Ọjọ́rú ni ẹsẹ kan ò ti jẹ́ kí n sùn, Òwe 18:13: "Ẹni tí ó bá dáhùn ọ̀rọ̀ kí ó tó gbọ́, wèrè àti ìtìjú ni fún un." Sólómọ́nì kò ní irọ́ ni ìdáhùn náà o. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣáájú etí, ìyẹn nìkan ti sọ ọ́ di wèrè. Ìtìjú ńkọ́? Ẹni tó dáhùn ló ni ín, kì í ṣe ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe sí ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa: a dá a lẹ́jọ́ ká tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Kalpana Chawla, ọmọ Karnal ní Íńdíà, gboyè dókítà ní Colorado lọ́dún 1988, NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rán èèyàn lọ sí gbalasa òfúrufú, sì gbà á. Nínú oṣù Bélú 1997, nínú Columbia, ọkọ̀ gbalasa òfúrufú wọn, òun ló fi apá onírin gbé sátẹ́láìtì Spartan síta. Spartan kò yí bó ṣe yẹ. Ó fẹ́ tún un mú, kò rí i mú dáadáa, ni nǹkan náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì. Èèyàn méjì ló jáde lọ fọwọ́ mú un wálé. Ni wọ́n bá ń nàka sí Kalpana.

Oṣù márùn-ún ni NASA fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ètò kọ̀ǹpútà àti ìlànà iṣẹ́ ni wọ́n bá àṣìṣe lára rẹ̀. Wọ́n dá a láre pátápátá.

Oṣù márùn-ún! Àwa ńkọ́? Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ti wà lórí WhatsApp. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ dìde sọ̀rọ̀, ta ló bi í léèrè nínú yín? Ẹ̀yin tí ẹ kó báàgì yín kúrò lórí àga nígbà tó jókòó, mo rí yín. Èmi náà dákẹ́ níbi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ẹ foríjì mí.

Wọ́n tún gbé iṣẹ́ lé Kalpana lọ́wọ́. Ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé 2003, nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú 16 kí wọ́n balẹ̀, Columbia fọ́ lókè Texas, àwọn méjèèje sì kú. Ká ní wọn ò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ni, pẹ̀lú ẹ̀sùn yẹn lọ́rùn ni ì bá fi lọ.

Ọmọ mi, Ìyá Ìjọ ti lọ aṣọ akọrin rẹ, ó wà lára ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì mi níbi tí wọ́n fi kọ́ sí. Wá mú un. Ẹ̀yin tí mo bá wí, ẹ̀yin lẹ ṣìkẹ́ mi nígbà tí mo dé ìjọ yìí. Mo mọ̀ pé inú yín kì í ṣe ìkà. Ẹ yà sílé ọmọ náà kí Ọjọ́ Àìkú tó dé.

Ìkéde: Ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá di Sátidé, aago 10 àárọ̀. Kò sí ìṣọ́ òru lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí owó dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀.